Ìyá Ìbejì, Ilẹ̀kùn Wo Lo Ní Kí Wọ́n Tì?

Òkìtìpupa,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ 19, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí títí omi fi bọ́ lójú mi, kí àánú rẹ tó wá ṣe mí. Àgbà obìnrin bíi tìẹ, ìró àti bùbá nìkan lára, tó dúró sínú òtútù London níwájú ilé ọmọ tó bí, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń wò ó láti ojú fèrèsé! Ìdọ̀tí lásán lo fẹ́ lọ dà nù. Ìyá ọmọ ti gbé ìkókó lọ sí kílíníìkì. O yíjú padà, o ní kí ọmọ náà "lock the door" kí òtútù má baà wọlé. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni, ó gbọ́ràn, ó yí kọ́kọ́rọ́. Nígbà tó yí i tán, kò mọ bí wọ́n ṣe ń yí i padà. Ìyá rẹ̀ dé, ó bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní ohun tí Màmá wí lòun ṣe.

Má bá ọmọ wí o. Ohun tí o wí ló ṣe lóòótọ́.

O wá ní kí n má tàn ọ́: ṣé Gẹ̀ẹ́sì tí àwa méjèèjì fi gbogbo ọjọ́ ayé wa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ayédèrú ni? Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ èyí tí yóò mú nígbà tí ọ̀rọ̀-ìṣe méjì bá jọra bí ẹni tí wọ́n là? O sì búra pé o kò ní sọ Gẹ̀ẹ́sì sí ọmọ náà mọ́. Ìbúra yẹn dùn mọ́ mi nínú, màá padà sórí ẹ̀. Jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn.

Ní tiwa, "tì" kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ méjì. Bí mo bá fi ọwọ́ sún ilẹ̀kùn títí tó fi kan férémù, mo ti ilẹ̀kùn. Bí mo bá fi kọ́kọ́rọ́ sí i, mo ti ilẹ̀kùn náà ni. Bó bá di ọ̀ràn, a lè ní "pa á dé" fún ti àkọ́kọ́, ká ní "fi kọ́kọ́rọ́ tì í" fún èkejì, ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe wàhálà yẹn lójoojúmọ́? Ẹni tó wà nítòsí ti mọ èyí tí à ń wí. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ló fi pààlà. Kò sí kọ́kọ́rọ́ nínú "close" àti "shut". "Lock" ló ni ín. Bí mo bá sọ fún ọmọ alájọgbé mi níbí pé "lock the door", yóò kàn sún un tì ni, nítorí Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ àti tèmi, ìyá kan náà ló bí wọn. Ọmọ-ọmọ rẹ kò mọ ìyá yẹn.

Ìwọ tí o bí ìbejì, ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó rú ọ lójú. Ṣé o rántí bí àwọn ará àdúgbò ṣe máa ń da àwọn ọmọ yẹn pọ̀ nígbà tí a wà ní Ìlútitun? Wọ́n á wo imú, wọ́n á wo orí, wọ́n á tún ṣì í. Ìwọ kì í wo ojú. O ní èyí tí ebi ń pa tó ti ké kí oúnjẹ tó jiná, Táyé ni. Èyí tó jókòó tó ń wo Táyé bó ti ń ké, Kẹ́hìndé ni. Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀-ìṣe nìyẹn. Mo ní kí wọ́n yé wo ojú rẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀-èdè, nítorí "close" nìwé yóò fi túmọ̀ "shut", "shut" ni yóò sì fi túmọ̀ "close". Kí wọ́n wo ìṣe rẹ̀: ta ló ń ṣe é, kí ló ń ṣe é sí, ọ̀dọ̀ ta ni nǹkan ń lọ.

Mú "borrow" àti "lend". Kò sí ọdún kan tí n kò bá a pàdé nínú ìwé ọmọ: "Please borrow me your biro." Àwọn olùkọ́ kan á ní Yorùbá ló bà á jẹ́, pé "yá" kan náà la ní fún méjèèjì. Wọ́n ń purọ́ mọ́ Yorùbá ni. "Yá mi ní bírò rẹ." "Mo yá bírò lọ́wọ́ rẹ̀." Ta ló lè ṣi èyí gbọ́? "Lọ́wọ́" yẹn ti fi ẹni tí nǹkan ti kúrò hàn wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni "kọ́": mo kọ́ ọ ní ìṣirò, mo kọ́ ìṣirò lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe ni àwa fi ń mọ ọ̀nà. Gẹ̀ẹ́sì ti ọ̀nà náà bọ inú ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀, ó wá di pé èyí tó ń jáde lọ́wọ́ ẹni ní orúkọ tirẹ̀, èyí tó ń wọlé náà ní tirẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pe ọmọ méjì síwájú kíláàsì. (Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀ mí kí n máa wá ran àwọn SS2 lọ́wọ́, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá.) Mo fi bírò sọ́wọ́ ọmọkùnrin, mo ní kí ọmọbìnrin na ọwọ́ tirẹ̀. Bí bírò bá ń kúrò lọ́wọ́ ọkùnrin, òun ni kó sọ̀rọ̀: "I lend." Bó bá bọ́ sọ́wọ́ obìnrin: "I borrow." Bírò lọ, bírò bọ̀. Nígbà tó fi máa di ìgbà kẹrin, gbogbo kíláàsì ti ń pariwo tẹ̀ lé wọn. Bọ̀bọ́ kan nahùn láti ẹ̀yìn: "Mà, tí kò bá wá dá a padà ńkọ́?" Mo ní ìyẹn di "steal". Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní "rob" ńkọ́? Mo ní ó jí bírò, ó jà mí lólè: èwo ló gbé nǹkan, èwo ló gbé ènìyàn? Wọ́n lóye rẹ̀ kí n tó pa ẹnu dé. "Steal" ń bá nǹkan lọ, "rob" ń bá ẹni tí wọ́n jà lólè lọ, gẹ́lẹ́ bíi tiwa. Nítorí náà "he robbed my biro" tí wọ́n ń kọ káàkiri, ẹ má gbé e ka Yorùbá lórí.

Bí ará London kan bá sì fẹ́ fi "borrow me" ṣe ọ́ ní yẹ̀yẹ́, sọ fún un pé àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ń sọ ọ́ nílé ara wọn. Shakespeare pàápàá lo "learn" fún kí á kọ́ ènìyàn ní nǹkan, nínú eré The Tempest. Ẹnikẹ́ni kò na Shakespeare lẹ́gba.

Èyí tó wá gbà mí lọ́kàn jù nínú oṣù yìí, ọ̀rọ̀ púpurú ni.

Mo ní kí àwọn ọmọ náà kọ àròkọ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe oúnjẹ kan nílé wọn. Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ṣe púpurú tà lójú ọ̀nà Òde-Ìrèlè mú púpurú. Àròkọ náà ń lọ geere títí ó fi dé ibi iná. Níbẹ̀, ó kọ "fry", ó pa á rẹ́. Ó kọ "roast", ó pa ìyẹn náà rẹ́. Ohun tó wá fi sílẹ̀ ni "then we burn it for some days". Mo pè é lẹ́yìn kíláàsì. Mo ní kó gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì, kó sọ fún mi ní ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ wa bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó ṣe bí ẹni pé mi ò jẹ púpurú rí.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ dà lẹ́nu ọmọ yìí bí òjò oṣù Keje! Wọ́n á bó gbágùúdá, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀. Wọ́n á yọ okùn inú rẹ̀, wọ́n á dà á sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta tẹ̀ ẹ́ kí omi ró kúrò. Wọ́n á mọ ọ́n róbótó bíi bọ́ọ̀lù, wọ́n á tò ó sórí pẹpẹ lókè iná igi, iná pẹ̀lẹ́ o, kí ooru àti èéfín máa jùmọ̀ bá a ṣiṣẹ́ títí inú rẹ̀ yóò fi gbẹ tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì dúdú. Wọ́n á ha dúdú yẹn kúrò, wọ́n á gún un, wọ́n á kù ú, kí wọ́n tó wá rò ó nínú omi gbígbóná. Mo ń fi ìka ka ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́, mo kà ju mẹ́wàá lọ, kò sì ṣi ẹyọ kan lò. Ọmọ tí wọ́n ní kò mọ ọ̀rọ̀ yàn nìyẹn!

Mo ní, "Kí lẹ wá ń pe èyí tí iná ń ṣe é?" Ó ní yíyan ni. A jókòó tì í, a bẹ̀rẹ̀ sí í tú "yan". A ń yan ẹja, a ń yan gàrí, a ń yan ẹ̀pà. Kí ló pa àwọn mẹ́ta yìí pọ̀? Ooru ń lé omi kúrò nínú wọn ni, wọn kò sì wẹ̀ nínú òróró. "Dín" ló ni òróró: dòdò, àkàrà, ẹja dídín. "Sun" sì ni ti iṣu àti àgbàdo tí a kì bọ iná fúnra rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò gba ibi tí a gbà là á. "Fry" ń wá ọ̀rá nínú páànù, "bake" ń wá ààrò tó ní ìdérí, "smoke" ń wá èéfín, "roast" fẹ́ iná tàbí ààrò tó gbóná janjan. Wá wo "fry garri" tí gbogbo wa ń sọ láti Èkó dé Òkìtìpupa. Ẹni tó ń ṣe gàrí pupa á ta epo díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n gàrí funfun kò fojú kan epo títí tó fi jáde nínú agbada. Gẹ̀ẹ́sì London á pe ìyẹn ní "toast" tàbí "roast". Mo ní kí àwọn ọmọ mi máa sọ "fry garri" wọn lọ. Gàrí tiwa ni, àwa la máa sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Mo wá ní kó kọ "smoke" fún púpurú. Ó mi orí. "Mà, èéfín nìkan kọ́. Bí iná bá kú, èéfín kò lè gbẹ ẹ́." Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ o, òótọ́ ló sì sọ. A yí i síhìn-ín, a yí i sọ́hùn-ún, a fẹnu kò sí "we dry it over a wood fire". "Dry", ọ̀rọ̀ tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀! Mo tún ní kó wo "burn" yẹn dáadáa, pé ta ni yóò fowó ra púpurú tó jóná lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yìn rẹ̀ jóná, Mà. Òun la ń ha." Kí ni mo fẹ́ wí? Mo fún un ní "burn" rẹ̀ padà, fún ẹ̀yìn nìkan.

Ó gbà wá tó ogójì ìṣẹ́jú lórí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo. Bó bá dé SS3, WAEC yóò gbé ìbéèrè 80 síwájú rẹ̀ ní wákàtí kan, kó mú ọ̀kan nínú A, B, C àti D, ìṣẹ́jú-àáyá 45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé wọn kò lè bá gbogbo ọmọ jókòó sọ púpurú. Ó ṣì ń dùn mí.

O rí i, kì í ṣe pé ọmọ yẹn kò lóye. Ohun tó ń ṣe kò ṣókùnkùn sí i. Gẹ̀ẹ́sì ló ń bi í ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi í rí nílé. Mo rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, nígbà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàrin ẹ̀kọ́. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé Gẹ̀ẹ́sì wọn á bàjẹ́ ni ojú tì: àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ṣùgbọ́n ní tiwa, nígbà tí à ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, ìwọ náà mọ ohun tí ojú wa rí lórí Ìkálẹ̀. Wọ́n ní "ọwọ́" ni ká pè, ká má pe "ọghọ́", bí ẹni pé ìka ẹni á dín kan bó bá pe "ọghọ́".

Ìdí nìyí tí ìbúra rẹ fi dùn mọ́ mi. Má sọ Gẹ̀ẹ́sì sí ọmọ-ọmọ rẹ mọ́, sọ Yorùbá sí i. Lọ́jọ́ tó bá tún fẹ́ máa ṣe ọ̀gá lé ọ lórí, ní kó túmọ̀ "carry" fún ọ. Á ní "gbé". Ní kó wo obìnrin tó di igi ìdáná lé orí: ó rù ú. Ìkókó tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀: ó pọ̀n ọ́n. Bírò kan: ó mú un. Bírò mẹ́wàá: ó kó wọn. Gẹ̀ẹ́sì kò bèèrè ibi tí ẹrù wà lára, kò bèèrè iye rẹ̀, "carry" ni gbogbo rẹ̀. Kó o tún bi í ní "wear". Fìlà ńkọ́? Gèlè ńkọ́? Ìró ńkọ́? Bí ọmọ náà bá sọ fún ọ pé o wọ gèlè, dákun, má gbá a lójú, rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀ bí òun náà ṣe rẹ́rìn-ín sí ọ.

Lórí "wear" yìí náà, mo mọ̀ pé ò ń pariwo "Wear your shoes!" láràárọ̀. Ìyẹn ni kí wọ́n wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Bó bá jẹ́ kí ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kí ẹ lè jáde lo fẹ́, "put on" ni.

Àwọn yòókù tí o kọ ránṣẹ́, jẹ́ kí n yára sọ wọ́n. "Say" ń fẹ́ ọ̀rọ̀, "tell" ń fẹ́ ẹni tí a sọ ọ́ fún, bí "sọ" àti "sọ fún" ṣe rí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Follow me to the market": ọmọ ibẹ̀ á rò pé kóun máa rìn lẹ́yìn rẹ ni, "come with me" ni kó o wí. Ti "hearing the smell", mo mọ ibi tó ti wá. Àwa ń gbọ́ ohùn, à ń gbọ́ òórùn, à ń gbọ́ èdè, "gbọ́" kò fi ara rẹ̀ mọ sí etí. Ọmọ rẹ yóò gbọ́ ọ yé. Ṣùgbọ́n bí gáàsì bá ń jò nínú ilé tí o sì fẹ́ pe àwọn òṣìṣẹ́ wọn lórí fóònù, jọ̀ọ́, "I can smell gas" ni kó o sọ, má jẹ́ kí wọ́n máa bi ọ́ bí gáàsì ṣe ń dún. "Off the light" ńkọ́? Ìwọ ṣọ́ra fún un níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, iná ti ń pa ara rẹ̀ láti ọdún tó ti pẹ́, kò dúró de ọ̀rọ̀-ìṣe kankan.

Ìmọ̀ràn mi kò ju èyí lọ: èyí tó bá lè tì ọ́ síta, tún un ṣe. Èyí tí kò lè tì ọ́ síta, fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. O ní nọ́ọ̀sì ya ẹnu nígbà tí o sọ fún un pé ọmọ rẹ "put to bed on Tuesday", ó rò pé oorun lo ní ó gbé e sùn. Túmọ̀ rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n má tijú. Nínú oṣù Kìíní 2020, ìwé atúmọ̀-èdè ńlá ti Oxford mú ọ̀rọ̀ àti àkànlò 29 wọlé láti inú Gẹ̀ẹ́sì àwa ará Nàìjíríà, "put to bed" sì wà níbẹ̀, òun àti "next tomorrow" pẹ̀lú "eat money". Èmi ò mọ̀ ọ́n ní ohun ìgbéraga pé "eat money" wọ ìwé o, ṣùgbọ́n ó ti wọ̀ ọ́.

Èyí tí n kò lè fara dà ni ti àwọn tó ń wá ọ̀rọ̀-ìṣe tó wúwo jù. Ìpàdé kò "begin" mọ́, ó gbọ́dọ̀ "commence". Ẹnikẹ́ni kò "buy" iṣu, wọ́n ń "purchase" rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹnì kan dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ní bàbá òun "demised". Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Ohun tó fà á ni pé àwọn ará Normandy gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, èdè Faransé sì di èdè ààfin. Tálákà ń "begin", ìjòyè ń "commence". Ọ̀rọ̀ méjèèjì wà láàyè títí dòní, àwa tí a kò sí níbẹ̀ rárá la wá ń du ti ìjòyè.

Ó tó báyìí. Ojú ti ń ro mí. Bá mi kí ìyá ìkókó àti ọkọ rẹ̀, fi ẹnu ko ìkókó lẹ́nu fún mi. Ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lóṣù tó ń bọ̀ yóò mú ẹrù wá fún ọ. Púpurú wà níbẹ̀, lọ́wọ́ ìyá ọmọbìnrin yẹn ni mo ti rà á. Wọ́n ti ha á, wọ́n ti gún un, mo sì ti fọwọ́ ara mi kù ú, kò ku nǹkan kan ju kó o rò ó. Bí ọmọ-ọmọ rẹ bá bi ọ́ pé kí lò ń ṣe sí i yẹn, dá a lóhùn ní Yorùbá. Kọ́kọ́rọ́ ilé, wá okùn sí i kó o máa gbé e kọ́rùn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Tíṣà